Orí Kẹfà: Iná Inú Ọkọ̀

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lóru ní Nàìjíríà mọ òfin kan tí wọn kì í sábà kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì ọlọ́pàá tàbí ti sójà bá ti ń ṣẹ́jú níwájú, awakọ̀ á dín iná iwájú kù, á rọra, á sì tan iná inú ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ojú gbogbo ẹni tó jókòó. Ẹni tó bá gbàgbé, wọ́n á rán an létí, ohùn wọn kì í sì í tutù. Lẹ́yìn ìbéèrè méjì mẹ́ta, wọ́n á ní kó máa lọ. Yóò pa iná náà, yóò sì tún kọrí sínú òkùnkùn biribiri, pẹ̀lú ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ju wáàtì 5 sí 10 lọ. Òun la fi ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ ìjókòó, òun la fi ń de bẹ́líìtì ọmọ, òun la sì fi ń wo ìwé ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ní ká mú wá. Lónìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó dé ìsọ̀ kékeré ẹ̀bá títì, tí ẹ ò ní bá LED tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ ò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò le, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fọwọ́ ara wọn pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù tó sì funfun jù ni wọ́n sábà máa ń mú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bá wọn jiyàn. Nínú gbogbo iná ọkọ̀ tí èèyàn lè sọ di LED, ti inú ọkọ̀ ni mo lè fọwọ́ sí láìṣiyèméjì, àmọ́ kì í ṣe torí kó lè mọ́lẹ̀ bí ilé ìgbéyàwó.

Wáyà tó ń jó

Gílóòbù àtijọ́ ń tàn lọ́nà kan náà tí irin alágbẹ̀dẹ fi ń tàn. Irin tó gbóná díẹ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Bí ẹwìrì bá fẹ́ ẹ sí i, ó di pupa. Bí ooru bá tún pọ̀ sí i, ó kúrò ní pupa, ó ń lọ sí yẹ́lò, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Nínú gílóòbù, wáyà tíńrín tí wọ́n ká bí okùn ni iná bátìrì ń gbà kọjá, tó sì ń gbóná dé nǹkan bí 2,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tungsten ni wọ́n fi ṣe wáyà náà, torí pé kì í yọ́ àyàfi tí ooru bá dé 3,422. Kò sí irin mìíràn láyé tó lè fara da ooru tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọ́. Wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú gíláàsì náà, nítorí pé bí atẹ́gùn tí à ń mí bá kan wáyà tó gbóná báyẹn, ojú ẹsẹ̀ ló máa jóná.

Pẹ̀lú gbogbo ooru yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde kò tó nǹkan. Bí ẹ bá pín iná tó wọ inú gílóòbù sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 95 ló ń di ooru lásán. Ẹ wo ìdérí ike tó wà lókè orí nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ẹ sábà máa ń rí i tí àárín rẹ̀ ti pọ́n bí tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Ọ̀pọ̀ ọdún tí gílóòbù fi yan án ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Gílóòbù tí wọ́n ń pè ní W5W, tó wà nínú àìmọye ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Jàpáànù, ń jẹ wáàtì 5, ìmọ́lẹ̀ tí ìlànà ní kó mú jáde sì jẹ́ lúmẹ̀nì 50. Lúmẹ̀nì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. C5W tó rí gbọọrọ, tí òun náà ń jẹ wáàtì 5, ń mú 45 jáde. Nítorí náà, wáàtì kan ń fún wa ní lúmẹ̀nì 10 tàbí kó dín díẹ̀. LED tó dáa lóde òní lè mú nǹkan bí 100 jáde látinú wáàtì kan. Ìdajì wáàtì ti tó láti rọ́pò gílóòbù oníwáàtì 5. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí bí ẹ bá dé ìsọ̀, iye ojú LED tó wà lára rẹ̀ lẹni tó ń tà á máa kà fún yín: "Ojú 36 nìyí, ojú 48 nìyí." Ojú púpọ̀ kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ pàápàá kọ́ la sì ń wá.

Ìmọ́lẹ̀ tí kò wá látinú ooru

LED kò ní wáyà tó ń jó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni òkúta kírísítálì kékeré, tí kì í jẹ́ kí iná kọjá bí irin ṣe ń ṣe, tí kì í sì í dí i pátápátá bí gíláàsì. Ìpele méjì ló ní. Nínú ìpele kìíní, wọ́n ti fi èròjà kan kún un kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìkejì, wọ́n ṣe é kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dín, kí àyè òfìfo sì wà. Bí bátìrì bá ti iná láti ọ̀nà tó tọ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò kọjá láti ìhà kan sí ìkejì, yóò já sínú àyè òfìfo, agbára tó pàdánù bó ṣe já yẹn ló sì ń jáde bí ìmọ́lẹ̀. Bí jíjá náà kò bá jìn, pupa ni ìmọ́lẹ̀ yóò jẹ́. Bó bá jìn, búlúù ni. Bí ẹ bá sì ti iná láti ọ̀nà òdì, kò ní kọjá rárá. Èyí á wúlò fún wa nígbà tí a bá ń fi í sínú ọkọ̀.

Ọdún 1907 ni H. J. Round, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń bá Marconi ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ kọ̀wé pé kírísítálì kan tí òun fi iná sí ń tan ìmọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Oleg Losev, ará Rọ́ṣíà, ṣèwádìí lórí ohun kan náà láwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n ebi pa á kú nígbà tí ogun sé ìlú Leningrad mọ́ ní 1942. Ní 1962, Nick Holonyak ṣe LED pupa tí ojú lè rí ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, iná kékeré pupa àti ti gíríìnì lórí rédíò àti ẹ̀rọ ìṣirò ni LED ṣì jẹ́. Búlúù ló kù.

Gallium nitride ni kírísítálì tó lè fúnni ní búlúù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mú un dàgbà kó mọ́ tónítóní, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá sì pa á tì. Àwọn ará Jàpáànù mẹ́ta ni kò jáwọ́: Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ní yunifásítì Nagoya, àti Shuji Nakamura tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Nichia. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ti wà. Ní 2014, wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì.

Kí ni búlúù wá kàn wá, nígbà tó jẹ́ pé funfun ni iná tí à ń fẹ́? Ẹ wo LED funfun nígbà tí kò tàn, ẹ óò rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin. Èròjà yẹ́lò ni wọ́n fi bo LED búlúù. Apá kan nínú búlúù náà wọ inú èròjà yìí, ó jáde bíi yẹ́lò. Ìyókù yọ jáde bó ṣe wà. Ojú wa da méjèèjì pọ̀, ó sì pè é ní funfun. Nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo LED funfun tí wọ́n ń tà fún yín, iná búlúù ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi èròjà yẹ́lò bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń tàn bí yìnyín, òun náà ló sì máa ń dá ọ̀ràn sílẹ̀ lóru, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ìṣirò bátìrì

Àwọn kan máa ń sọ pé LED inú ọkọ̀ ń dín epo kù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gbowó lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, wáàtì mẹ́wàá tí ẹ bá rí pa mọ́ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára tó ń yí táyà. Ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ilẹ̀kùn ò sì pa dé, ni èrè LED ń yọjú.

Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Iná òkè orí tó jẹ́ wáàtì 10, pẹ̀lú ti búùtù tó jẹ́ 5, ló ń jó mọ́jú torí pé ọmọ kan ò ti ilẹ̀kùn dáadáa. Wáàtì 15 lórí bátìrì fóltì 12 jẹ́ áńpíà 1.25. Láàárín wákàtí 12, áńpíà-wákàtí 15 ti lọ. Ọ̀pọ̀ bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ 45 sí 60 nígbà tí wọ́n ṣì tuntun. Ti ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ooru wa ti dín kù sí i. Ní òwúrọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "ká, ká, ká", ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá yín ti ọkọ̀. Bó bá jẹ́ LED tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2 ló wà níbẹ̀, áńpíà-wákàtí 2 péré ló máa lọ, ọkọ̀ á sì dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tó lọ́mọ wẹ́wẹ́, ìyẹn nìkan ti tó fún owó tó ná.

Fóltì 12 tí kì í dúró sí 12

Wọ́n ń kọ 12V sára gbogbo nǹkan inú ọkọ̀. Bátìrì tó kún, tó ń sinmi, máa ń wà ní nǹkan bí 12.6. Bí ẹ bá ti tan ẹ́ńjìnnì, alternator á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájì bátìrì, fóltì á sì gòkè sí 13.5 tàbí 14.5. Gílóòbù oníwáyà kì í janpata lórí èyí, á kàn mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀. LED kò rí bẹ́ẹ̀.

LED funfun kan ń gba nǹkan bíi fóltì 3.2. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù olówó pọ́ọ́kú á to mẹ́ta tẹ̀léra, ìyẹn 9.6, wọ́n á sì fi rẹsísítọ̀ kan gba èyí tó kù. Lórí 12, ohun tó kù fún rẹsísítọ̀ jẹ́ 2.4. Lórí 14.4, ó di 4.8. Ìyẹn ni pé fóltì inú ọkọ̀ fi ìdá márùn-ún pọ̀ sí i, àmọ́ iná tó ń ṣàn gba inú LED kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lórí tábìlì ìsọ̀, níbi tí wọ́n ti fi bátìrì kékeré dán an wò, ó tàn rekete. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń jó ara rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ojú mẹ́ta nínú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, tí wọ́n á sì kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí orí okùn kan náà ni wọ́n wà. Ẹni tó rà á á wá sọ pé LED ò lálòpẹ́.

Ooru tún ń dá kún un. Òótọ́ ni pé iwájú LED kì í gbóná bí ti gílóòbù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná, bí ooru náà ò bá sì ríbi jáde, kírísítálì á máa gbó. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní inú, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná rárá. LED tí wọ́n to ojú púpọ̀ sórí pátákó ike láìsí alumíníọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ibi tó máa da ooru sí.

Èyí tó dáa ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú, tó ń mú kí iná tó ń ṣàn dúró síbì kan, yálà bátìrì wà ní 12 tàbí ní 14.5. Bí ẹ bá rí i lára páálí pé ó lè gba 10V sí 30V, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni lè tẹ ohun tó wù ú sára páálí, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fi sínú ọkọ̀ yín níbẹ̀, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi iná náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó.

Ojú tó ń wakọ̀ lóru

Awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú wa ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ti ọ̀sán, tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6, ló ń fi àwọ̀ hàn wá. Ti òru, tó tó mílíọ̀nù 120, kì í mọ àwọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ ká rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́bàá títì tí kò níná. Èròjà kan wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì òru tí ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́ dànù. Ó ń gbà á tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí èròjà náà tó padà bọ̀ sípò pátápátá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí iná bá ṣàdédé lọ nílé, ẹ kì í rí nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ tó bá yá, ẹ óò máa rí ìrísí àga àti ilẹ̀kùn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì òru yìí kì í ka ìmọ́lẹ̀ pupa sí. Èyí tó wà láàárín búlúù àti gíríìnì ló ń tètè bà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo iná pupa lóru nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àti níwájú awakọ̀ òfuurufú, tí BMW sì fi lo iná tó pọ́n bí ọsàn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá rántí LED funfun àti búlúù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé LED tó funfun bí yìnyín àti gílóòbù àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí lúmẹ̀nì wọn sì dọ́gba, ti LED ló máa ba ojú òru yín jẹ́ jù. Bí lúmẹ̀nì rẹ̀ bá wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, bí ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà ṣe rí, awakọ̀ tó kúrò níwájú ọlọ́pàá yẹn á wakọ̀ jìnnà kí ojú rẹ̀ tó padà. Fún àwọn àgbà, ó tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, gíláàsì inú ẹyinjú ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ibẹ̀ a máa fọ́n ká, á sì máa kọ mànà. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò nílò iná òkè orí tó dà bí ti yàrá iṣẹ́ abẹ.

Gíláàsì iwájú náà wà níbẹ̀. Bí inú ọkọ̀ bá mọ́lẹ̀ tí òde sì ṣókùnkùn, gíláàsì di dígí. Ojú ara yín àti ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn lẹ óò máa rí lórí rẹ̀ dípò títì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbọ́ lẹ́nu òbí wọn pé ọlọ́pàá á mú wọn bí wọ́n bá tan iná inú ọkọ̀ tó ń lọ. Kò sí òfin kan pàtó tó sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́pàá lè dá ẹni tí iná náà ń mú wakọ̀ ségesège dúró. Àwọn òbí ṣi òfin sọ, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí ojú ń ṣe.

Òṣùwọ̀n Kelvin la fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe funfun tó, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára páálí: 3,000K, 4,300K, 6,000K. Irin alágbẹ̀dẹ ló bí i. Nọ́ńbà náà ń sọ bí nǹkan ṣe máa gbóná tó kó tó lè tan irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 2,700. Tó bá kọjá 6,000, ó ti ń lọ sí búlúù. Láàárín 3,000 sí 4,300 ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó dúró sí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn tó láti ka ìwé, kì í sì í gún ojú.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò rí kí ẹni tó ń ta LED sọ rí. LED funfun olówó pọ́ọ́kú kì í ní pupa púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ pupa ló ń jẹ́ kí awọ ara dúdú dán. Lábẹ́ rẹ̀, ojú wa máa ń dà bí ẹni tí kò fi ìpara para ní àkókò ọyẹ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran tútù á sì jọra. Wáyà pupa àti wáyà búráwùn pàápàá á ṣòro láti dá mọ̀. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù tó dáa máa ń kọ CRI sára páálí, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe rí gan-an. Ẹ wá èyí tó bá ti tó 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fífi í síbẹ̀

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni festoon, tó rí gbọọrọ bíi fíúsì àtijọ́, tó ní ìdérí irin ní orí méjèèjì, tó sì ń wà lókè orí àti nínú búùtù. Gígùn rẹ̀ lè jẹ́ mìlímítà 31, 36, 39, 41 tàbí 44. Ìkejì ni T10, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ inú ihò. Òun náà ni W5W tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, páálí Amẹ́ríkà sì ń pè é ní 194. Kékeré rẹ̀, T5, ń wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ mú un lọ sí ìsọ̀. Ẹ má fi 39 há àyè 36, torí irin tó gbá a mú á tẹ̀, láti ọjọ́ yẹn lọ, iná náà á máa kú, á máa jí bí ọkọ̀ bá ti wọ kòtò.

Ẹ yọ fíúsì iná inú ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, DOME ni wọ́n kọ sí i. Ẹ lè rò pé pípa iná nìkan ti tó, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí ara ọkọ̀ ni súíìṣì ilẹ̀kùn máa ń já. Iná ṣì wà lórí irin kan nínú méjèèjì tọ̀sán-tòru. Bí súkúrúdíráfà bá kan irin yẹn àti òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fíúsì á jó, fíúsì yẹn sì tún lè jẹ́ ti aago àti rédíò. Àwọn rìwáyà ti rí ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń kígbe pé LED ba rédíò òun jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé fíúsì tí owó rẹ̀ ò tó ti gààrí ló lọ.

Ẹ fi aṣọ we ẹnu súkúrúdíráfà kí ẹ tó fi ṣí ìdérí, ẹ sì jẹ́ kí gílóòbù àtijọ́ tutù. Ẹ má walẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé, lápá ibi tí òpó ilẹ̀kùn wà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń ká àpò afẹ́fẹ́ ààbò sí nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, wáyà tó bá sì ní ìbọ̀ yẹ́lò kò kàn yín. Nígbà tí ẹ bá ń fi LED sí i, kí ojú rẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Gílóòbù ń tàn yíká, LED ń tàn síbi tó bá kọjú sí. Bí kò bá tàn, ẹ yí orí rẹ̀ padà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà inú rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ kan lè yọjú tí yóò dà bí idán. Ẹ pa ilẹ̀kùn, iná ò kú tán, ó ń tàn fírífírí. Kì í ṣe iwin. Iná díẹ̀ ló ń jò gba inú ẹ̀rọ súíìṣì, kò tó láti mú wáyà tungsten gbóná, àmọ́ ó tó LED. Nínú ọkọ̀ tí iná rẹ̀ máa ń rọra kú, LED lè máa gbọ̀n kó tó kú, torí ẹ̀rọ náà ń tan iná, ó ń pa á lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, LED sì ń tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan sì ń wọn iye iná tí gílóòbù ń jẹ. Bí wọ́n bá rí i pé ó kéré jù, wọ́n á kọ ọ́ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé gílóòbù ti kú. Rẹsísítọ̀ tí wọ́n ń tà láti fi tan ọkọ̀ jẹ máa ń gbóná bí ẹyín iná, mi ò sì fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́yìn aṣọ òrùlé. LED tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà.

LED gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń yí àwọ̀ bí iná ilé ijó, kò bí mi nínú nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Tó bá ń lọ, ẹ pa á. Bí wọ́n bá sì so ó mọ́ bátìrì tààrà láìsí fíúsì, ẹ já a kúrò lónìí, torí wáyà tó bó nínú ọkọ̀ ti sun ọkọ̀ jóná rí. Ẹ má sì torí pé ti inú dáa kí ẹ fi LED sínú iná iwájú tí wọ́n ṣe fún gílóòbù oníwáyà: dígí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n mọ́ ibi tí wáyà wà gẹ́lẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ibòmíràn, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa lọ.

Ó ku búùtù. Ẹ tan fídíò fóònù yín, ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ pa búùtù dé, kí ẹ ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wo ohun tó gbà sílẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, kò séwu. Bí iná bá ṣì ń tàn, súíìṣì ti bàjẹ́. Láyé gílóòbù, bátìrì tó kú ní òwúrọ̀ ni ì bá ta yín lólobó. LED kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ó lè máa tàn nínú búùtù fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà pààrọ̀ súíìṣì náà.